Ààlè Tí Mo Pa fún Ológbò

Mo rántí ọdún kan tó jẹ́ pé òórùn ìgbẹ́ ológbò ló ń jí mi láràárọ̀. Kì í ṣe àkùkọ, kì í ṣe agogo ṣọ́ọ̀ṣì, kì í ṣe ìpè àdúrà tó ń wá láti ẹ̀yìn ilé wa ní Okota. Bí mo bá ti ṣí fèrèsé yàrá báyìí, tí afẹ́fẹ́ fẹ́ láti apá ọgbà, òórùn náà á ti wọlé kí n tó rántí ọjọ́ tí a wà. Ẹni tí kò bá tíì gbọ́ òórùn ìgbẹ́ ológbò lórí ilẹ̀ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ pa, kó máa dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Èmi gbọ́ ọ fún ọdún kan gbáko, mo sì gbà pé kò sí ohun tó ń bà mí láyé jẹ́ lásìkò yẹn ju ológbò lọ. Irọ́ ni mo ń pa fún ara mi.

Ọgbà yẹn kì í ṣe tèmi, ti ìyàwó mi ni. Iṣẹ́ tíṣà ni mo ṣe jẹun. Ìṣirò ni mo ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní Ìsọlọ̀ títí mo fi fẹ̀yìn tì, mo sì ti rò pé èmi àti ọkọ́ ti pínyà láti ọjọ́ tí mo ti kúrò lóko bàbá mi ní Èkìtì. Ṣùgbọ́n ìyàwó mi kì í fẹ́ kí nǹkan ṣòfò. Ilẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà láàárín ilé wa àti ògiri, tí mo ti ń gbèrò láti da kankéré sí, ló ro, tó kọ ebè sí, tó gbin úgú, tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ àti ewúro sí. Kò sì fi mọ sọ́dọ̀ ara rẹ̀ nìkan. Ẹni tó bá nílò ewé ládùúgbò á ti gèètì wa wọlé, á kí wa, á já tirẹ̀, á máa lọ. Èmi máa ń ráhùn pé wọ́n ń tẹ ilẹ̀ mọ́lẹ̀, pé wọn ò jẹ́ kí n ka ìwé ìròyìn mi ní àlàáfíà. Bí mo ṣe rí nìyẹn nígbà tí ènìyàn ṣì yí mi ká.

Nígbà tó yá, àkọ́bí wa obìnrin lóyún ní Kánádà. Ẹ kúkú mọ bó ṣe máa ń rí. Ìyá ìyàwó ní láti lọ wẹ ọmọ, kó sì fi omi gbígbóná jó ìyá ọmọ. Oṣù mẹ́ta la jọ sọ. Oṣù mẹ́ta di mẹ́fà, wọ́n ní òtútù ibẹ̀ ò jẹ́ kí ọmọ gbádùn. Mẹ́fà di ọdún, àbúrò rẹ̀ tí wọ́n jọ wà lọ́hùn-ún náà ti lóyún. Kò sẹ́ni tó ń pe bàbá wá wẹ ọmọ, nítorí náà mo jókòó sílé. Tí a bá ń sọ̀rọ̀ lórí fídíò, wọ́n á gbé ọmọ sún mọ́ fóònù, ọmọ á rí irùngbọ̀n mi, á figbe ta, wọ́n á gbé e kúrò. Ìyàwó mi á wá béèrè pé, "Dádì, ṣé ẹ ti jẹun? Ẹ̀fọ́ mi ńkọ́?" Ìbéèrè kejì ni mo máa ń yára dáhùn.

Àwọn àgbà ní bí ológbò bá jáde, ilé á di ilé èkúté. Tèmi ò rí bẹ́ẹ̀. Ìyàwó mi ló jáde, ilé di ilé ológbò. Mo dá wà, ó sì ń dùn mí. Abọ́ kan, síbí kan, ife kan ni mo ń fọ̀ láàárọ̀, òun náà ni mo tún ń fọ̀ lálẹ́. Mi ò lè sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, torí kí ni ọkùnrin tó ti lé ní àádọ́rin fẹ́ sọ? Ṣé pé ó wu òun kí ìyàwó òun padà wá sílé? Mo kúkú gbájú mọ́ ọgbà. Mo ní tó bá dé, ó gbọ́dọ̀ bá ẹ̀fọ́ rẹ̀ tútù yọ̀yọ̀, kó lè mọ̀ pé ọkọ tó fi sílẹ̀ kì í ṣe ọ̀lẹ.

Ibẹ̀ ni àwọn ológbò ti wá kò mí lójú. Òdìkejì ògiri wa ni obìnrin opó kan ń gbé, ọmọ Ìjẹ̀bú, tó ń ta ẹja tútù. Ìyá Ẹlẹ́ja ni gbogbo wa ń pè é. Ó gbé fíríṣà méjì síwájú ilé, á máa fi àdá la pánlá àti kótè, orí àti ìfun tó bá sì ṣẹ́ kù, á jù ú sílẹ̀ fún ológbò. Mo ka mọ́kànlá lọ́jọ́ kan. Wọ́n á jẹun yó lọ́dọ̀ rẹ̀, wọ́n á fo ògiri, wọ́n á wá yàgbẹ́ lọ́dọ̀ mi. Ilẹ̀ ebè rọ̀, ó dùn ún wú. Wọ́n á gbẹ́ kòtò, wọ́n á ṣe tiwọn, wọ́n á sì rọra fi erùpẹ̀ bò ó mọ́lẹ̀ bí ọmọ tó gbẹ̀kọ́ ilé. Ọwọ́ mi ló máa ń tú u síta tí mo bá wá tu koríko.

Láràárọ̀, kí Ìyá Ẹlẹ́ja tó ṣí fíríṣà rẹ̀, ó máa ń wọlé wá já úgú àti ewúro. Ọmọ rẹ̀ obìnrin tó ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ wà nínú oyún, ó ní ewé yẹn ló ń fún un lẹ́jẹ̀. Tó bá já a tán, kì í lọ. Àpótí kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ebè, ibẹ̀ ló máa ń jókòó sí, á máa rojọ́: iná tí wọn ò mú wá, ẹja tó fẹ́ bàjẹ́, àna ọmọ rẹ̀, ìlú wọn. Èmi á gbé ìwé ìròyìn bojú, mo máa ń ní "ẹn, ẹn" láti inú rẹ̀. Tó bá pẹ́ jù, mo máa ń wúkọ́.

Mo fẹjọ́ ológbò sùn ún lọ́jọ́ kan. Mo ní, "Ìyá Ẹlẹ́ja, àwọn ológbò yín yìí mà ń bà mí nínú jẹ́ o."

"Ológbò mi kẹ̀? Bàbá Tíṣà, ṣé èmi ni mo bí wọn ni?"

"Ẹ̀yin lẹ ń bọ́ wọn."

"Oúnjẹ ni mo fún wọn, mi ò rán wọn níbi tí wọ́n máa yà á sí. Àbí ẹ fẹ́ kí n máa so nápíkìn mọ́ wọn nídìí?"

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di gèètì mú. Mo fajú ro. Ìgbà tó lọ tán ni èmi náà wá rẹ́rìn-ín, èmi nìkan, láàárín ebè.

Kí ni mi ò tíì ṣe tán? Mo da eérú sí orí ebè, òjò rọ̀, eérú di ẹrẹ̀, wọ́n sì yàgbẹ́ lé e. Mo to èèpo ọsàn yí ká, ó rà, ó ń fa eṣinṣin. Mo gé igi ẹlẹ́gùn-ún jọ, ó ya ṣòkòtò mi. Ìyá Ẹlẹ́ja ní kí n ta nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn lé e lórí, kí n fi òkúta tẹ etí rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ọ̀rọ̀ gidi ni, ṣùgbọ́n òun ló sọ ọ́, èmi sì ni tíṣà, mo ní mo ti ní ètò tèmi. Ètò ọ̀hún ni ata gígún. Mo bu ìkúnwọ́ kan, mo fọ́n ọn. Ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀, ata náà ò yàtọ̀. Afẹ́fẹ́ kó gbogbo rẹ̀ padà sí mi lójú. Mo figbe ta, mo ń fọwọ́ wá ẹnu ọ̀nà. Ìyá Ẹlẹ́ja gbọ́ igbe láti òdìkejì ògiri, ó sáré wọlé, ó bu omi, ó ń fọ ojú mi bí ẹni ń fọ ojú ọmọ jòjòló. Ó ní, "Bàbá Tíṣà, ológbò lẹ fẹ́ lé ni àbí ojú yín?" Inú bí mi pé ó rí mi bẹ́ẹ̀. Mi ò dúpẹ́ bó ṣe yẹ.

Ní ọjọ́ tí nǹkan bàjẹ́ gan-an, ìyàwó mi ní kí n fi fóònù yí ọgbà ká kí òun rí i. Mo gbé e síbẹ̀ láìkọ́kọ́ wò. Ológbò ti wú ebè úgú kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, gbogbo ọmọ úgú ló dojú délẹ̀. Ìyàwó mi wò ó tán. Lẹ́yìn náà ó ní, "Kò burú. Tí mo bá dé, a ó tún un gbìn." Mo ní, ìgbà wo lo máa dé? Ó ní, "Ó di ọdún tó ń bọ̀, Dádì. Ẹ ṣe sùúrù." Mo gbé fóònù sílẹ̀, mo jókòó sórí àpótí. Gbogbo ìbínú tó yẹ kí n fi bá Kánádà jà ni mo kó lé àwọn ológbò lórí.

Ọjọ́ yẹn ni mo rántí oko bàbá mi. Tí bàbá mi bá kó iṣu jọ sẹ́bàá ọ̀nà, kì í fi ẹnì kan ṣọ́ ọ. Ààlè ló máa ń pa sí i, ó máa ń so ìgbálẹ̀ gbígbó, àkísà pupa àti ìkarahun ìgbín mọ́ igi, á rì í síbẹ̀, á lọ. Kò sí ẹni tó jẹ́ fọwọ́ kan iṣu náà, torí gbogbo wa la mọ ohun tó ń wí. Ìgbálẹ̀ ní a ó gbá olè dànù. Ìkarahun tó ṣófo ní ilé olè yóò ṣófo, wọn ò ní gbé ọmọ jó níbẹ̀. Alàgbà ìjọ ni mí o. Mo mọ ohun tí pásítọ̀ máa sọ. Ṣùgbọ́n mo ní, ṣebí ológbò ni, ṣebí àwọn ènìyàn ló máa ń sọ pé ológbò kì í ṣe ẹranko lásán. Mo wá ìgbálẹ̀, mo gé àkísà lára kọ́tìnì pupa tí ìyàwó mi rà ní ọjà Aswani, mo rí ìkarahun ìgbín kan nínú ààtàn. Mo so wọ́n mọ́ ọ̀pá, mo rì í sí ẹnu ọ̀nà ọgbà ní ìrọ̀lẹ́, mo sì ń rẹ́rìn-ín bí mo ṣe ń so ó. Ó pẹ́ tí mo ti rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀ kẹ́yìn.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo gbọ́ tí gèètì dún, mo gbọ́ ẹsẹ̀ Ìyá Ẹlẹ́ja. Ẹsẹ̀ náà dúró. Ó pẹ́ díẹ̀, gèètì tún dún. Nígbà tí mo fi jáde, kò sí ẹnikẹ́ni. Mo rò pé ó gbàgbé nǹkan sílé ni. Kò wá lọ́jọ́ kẹta, kò wá lọ́jọ́ kẹrin. Mo rí i lójú títì, ó ní "Ẹ káàárọ̀ sà," ó sì yára kọjá. Àwọn yòókù tó máa ń wá já ewé náà ò wá mọ́. Mo ní ẹ ò rí i, mo ti rí àlàáfíà tí mo ń wá. Mo ka ìwé ìròyìn láti iwájú dé ẹ̀yìn, mo ka ìkéde òkú pàápàá. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í tan rédíò láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ kí ohùn ènìyàn lè wà nínú ilé. Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í dá rédíò lóhùn. Àwọn ológbò ńkọ́? Wọ́n ń yàgbẹ́ lọ. Ọ̀kan nínú wọn, èyí aláwọ̀ eérú, sọ àkísà pupa náà di ohun ìṣeré.

Láàárín ọ̀sẹ̀ kẹta, ibà gbé mi dè. Ọjọ́ méjì ni mi ò lè dìde lórí bẹ́ẹ̀dì, mi ò lè tan rédíò, omi tó wà nínú ife kan yẹn ni mo ń mu. Ẹ̀rù bà mí. Mo rò ó pé tí mo bá kú síbí, òórùn mi ló máa pe ènìyàn wá. Ní ọjọ́ kẹta ni díákónì ìjọ wa kan gèètì, ó ní òun kàn ń kọjá ni. Ó gbé mi lọ sí ọsibítù, wọ́n gún mi lábẹ́rẹ́, ó sì gbé mi padà sílé. Nígbà tí mo ti lè jókòó, ó ní, "Alàgbà, ẹ má bínú. Ta lẹ pa ààlè yẹn fún?"

Mo ní ológbò ni.

Díákónì ní, "Ológbò mọ ààlè ni? Ìyá Ẹlẹ́ja ló ń já ewé níbẹ̀ láràárọ̀. Ọmọ rẹ̀ wà nínú oyún, ẹ sì gbé ìkarahun òfìfo kọ́ ọ lójú. Láti ọjọ́ yẹn ló ti ń gbààwẹ̀."

Mo dìde pẹ̀lú ibà lára, mo fa ọ̀pá náà tu, mo fi iná sí i, mo sì sọdá lọ bá a, torí ojú lọ̀rọ̀ wà. Ó nu àga kan fún mi, ó kúnlẹ̀ kí mi. Mo ní, "Ìyá Ẹlẹ́ja, ẹ jọ̀ọ́, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ológbò ni mo pa á fún. Ẹ̀yin kọ́."

"Mo ti gbọ́ sà. Kò sí wàhálà."

"Mi ò mọ̀ pé ẹ máa rò ó bẹ́ẹ̀."

Ó wá gbójú sókè. Ó ní, "Bàbá, ẹ̀ẹ̀mejì ni oyún ti bọ́ lára ọmọ yìí. Èyí ni ẹlẹ́ẹ̀kẹta. Mo sọ fún yín. Orí àpótí yín ni mo jókòó sí tí mo fi sọ ọ́, tí mo ń sunkún."

Mi ò rántí. Mo wá a nínú orí mi títí, mi ò rí i. Ó ní láti jẹ́ pé ẹ̀yìn ìwé ìròyìn ni mo wà tí mo ń ní "ẹn, ẹn." Ojú tì mí débi pé mi ò lè gbórí sókè. Ó ní, "Mo mọ̀ pé ẹ ò ní ibi lọ́kàn. Mo ti dárí jì yín. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ mi ò lè gbé mi wọ ibẹ̀ mọ́, ẹ má bínú." Ó fún mi ní omi mu, ó sì padà sídìí ẹja rẹ̀.

Ọmọ rẹ̀ bí láyọ̀, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Mi ò tíì gbàdúrà fún ọmọ tèmi tó báyẹn rí. Lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, Ìyá Ẹlẹ́ja fúnra rẹ̀ ló gbé kúlà oúnjẹ wá fún mi, ó gbé e sílẹ̀ níta gèètì, ó pè mí lẹ́ẹ̀kan, ó sì yí padà. Mo ti ta nẹ́ẹ̀tì lé ebè nígbà yẹn. Ológbò kankan ò lè wú u mọ́. Úgú ń fà dé orí ògiri, kò sì sí ẹni tó ń já a.

Ọjọ́ pẹ́ kí n tó lè sọ ọ́ fún ìyàwó mi. Mo ní, "Ìyá Ẹlẹ́ja ò wá já ewé mọ́ o, ó ti tó oṣù mẹ́rin." Mo sì sọ gbogbo ohun tí mo ṣe.

Ó ní, "Ààlè báwo? Àná ló pè mí, tó ní ẹ ti jí."

"Ó ní mo ti jí?"

Ìyàwó mi wá ní, "Dádì, èmi ni mo bẹ̀ ẹ́ kí n tó lọ. Mo ní kó máa wọlé láràárọ̀ kó rí yín, kó sì pè mí. Ó béèrè pé kí ni òun máa sọ pé òun wá ṣe, torí ẹ ò ní fẹ́ kí wọ́n máa ṣọ́ yín. Mo ní kó máa já ewé. Úgú àti ewúro kún ẹ̀yìn ilé tirẹ̀, ṣé ẹ ò mọ̀ ni?"

Mi ò mọ̀. Mi ò dé ẹ̀yìn ilé rẹ̀ rí.

"Kò sọ ọ̀rọ̀ ààlè kankan fún mi. Ó kàn ní òun kì í ráyè wọlé mọ́, pé òun máa ń gbọ́ rédíò yín láti ibi ògiri, ìyẹn lòun fi ń mọ̀ pé ẹ wà. Ìgbà kan tí kò dún fún ọjọ́ méjì, ó ní òun sáré lọ bá díákónì yín pé kó lọ wò yín."

Mo bú sẹ́kún. Fóònù wà lọ́wọ́ mi, ìyàwó mi ń pe "Dádì, Dádì." Nígbà tó ń gbààwẹ̀ nítorí èpè tó rò pé mo gbé ka ọmọ òun lórí, ó tún ń fetí sí ògiri kó lè mọ̀ bóyá mo ṣì wà láàyè.

Ó ti pẹ́ díẹ̀ báyìí. Ọmọ-ọmọ Ìyá Ẹlẹ́ja ti ń rìn. Ìyàwó mi wá, ó lo oṣù méjì, ó tún ti padà lọ, torí iṣẹ́ ìyá ìyàwó kì í tán. Èmi ò dúró kí ẹnikẹ́ni wá wò mí mọ́. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, mo máa ń bọ́jú, mo máa ń wọ bàtà, mo sì máa ń sọdá lọ síwájú fíríṣà yẹn. Mo máa ń ní, "Ìyá Ẹlẹ́ja, mo ti jí o. Ọmọ ńkọ́? Ṣé ó sun oorun?" Tó bá ń sọ̀rọ̀, mo máa ń fetí sí i títí á fi sọ ọ́ tán. Kò tíì wọlé mi títí dòní, mi ò sì bẹ̀ ẹ́. Á gbójú sókè, á wò mí dáadáa láti orí dé ẹsẹ̀, á ní, "Ẹ kú àjíǹde ara, Bàbá Tíṣà," á sì mú fóònù rẹ̀.